Má tíì ra ẹ̀rọ ìgégi: èsì fún ọ̀dọ́ tó fẹ́ fi ìtọ́jú igi jẹun

Ìbéèrè: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 26 ni mí, agbègbè Ológunẹ́rú ní Ìbàdàn ni mò ń gbé. Ìjì tó jà lóṣù kẹrin dá igi dóńgóyárò kan sí méjì, ó sì wó lu òrùlé aládùúgbò wa. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi méjì la fi àdá àti àáké gé e kúrò. Láti ọjọ́ náà làwọn èèyàn ti ń pè mí pé kí n wá bá àwọn gé igi. Mo fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ tí màá máa ṣe jẹun. Àdá méjì, àáké kan àti okùn kan ni mo ní, mi ò sì kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni. Kọ́párétíìfù tí màmá mi wà ti ṣe tán láti yá wa lówó tí màá fi ra ẹ̀rọ ìgégi. Ṣé kí n gbà á? Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

Àbúrò mi, o kú ewu. Mo kí ọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé iṣẹ́ tí ẹ ṣe lọ́jọ́ ìjì yẹn, tó dà bíi pé ó rọrùn, òun gan-an ló léwu jù nínú gbogbo iṣẹ́ igi. Ní ti owó náà, má tíì gbà á. Sọ fún màmá rẹ kí wọ́n bá ọ dá a dúró ná. Kì í ṣe pé iṣẹ́ náà ò dára o. Iṣẹ́ gidi ni, òun ni mo fi tọ́ ọmọ mẹ́ta, ó sì wù mí kí irú ẹ̀yin ọ̀dọ́ pọ̀ nídìí rẹ̀, torí àwọn igi ìgboro wa ń jìyà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n gé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kọ́ ló yẹ kó ṣáájú. Jẹ́ kí ojú rẹ kọ́kọ́ mọ igi, kí o sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ẹ̀ka tí o lè gé tí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì wà nílẹ̀.

Wo igi tó wó yẹn ná. Àwọn àgbà ní bí igi bá wó lu igi, tòkè la kọ́kọ́ ń gbé. Ní ìdí iṣẹ́ tiwa, bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni. Igi tó dùbúlẹ̀ lórí òrùlé kò sinmi. Ẹ̀ka tó tẹ̀ sábẹ́ ìtì rẹ̀ dà bí ọrun tí ọdẹ fà, agbára wà nínú rẹ̀ tó ń wá ọ̀nà àtijáde. Apá inú, níbi tó ti ká, ti fún pọ̀; apá ẹ̀yìn ti nà. Bí o bá fi àáké lu ẹ̀yìn tó nà yẹn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ka náà lè bẹ́ kó sì ta padà gbá ọ lágbárí kí o tó ṣẹ́jú. Ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò kọ́kọ́ fi ayùn fín apá inú díẹ̀, kó tó wá máa gé ẹ̀yìn díẹ̀díẹ̀ kí agbára náà lè máa tú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ̀gbẹ́ ni yóò sì dúró sí, kò ní dúró sí ọ̀nà tí ẹ̀ka máa gbà. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ò mọ èyí, ẹ sì padà sílé láyọ̀. Orí yín ló bá yín ṣe é. Mi ò fẹ́ kí o fi ìyẹn ṣe ìpìlẹ̀ òwò.

Nǹkan míì ni ìwúwo. Igi tútù wúwo ju bí ojú ṣe ń rí i lọ. Ìtì igi tútù tí kò ga ju mítà 1 lọ, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 50, á tó nǹkan bíi kílò 180. Ó ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ. Bá mi fojú inú wo àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta tí wọ́n dì pọ̀, tó já láti orí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ògiri ẹni ẹlẹ́ni.

Ọdún kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ ni èyí yé mi, owó ni mo sì fi kọ́ ọ. Ìyá arúgbó kan, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ní kí n bá òun gé ẹ̀ka igi fúrúùtù kan tó na apá sórí tánkì omi òun. Mo so okùn mọ́ ẹ̀ka náà, mo gbé ìdí okùn lé ọmọkùnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ nísàlẹ̀, mo ní kó dì í mú dáadáa. Bí ẹ̀ka náà ṣe já, ó gbé ọmọ náà kúrò nílẹ̀. Okùn ọ̀rá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré gba àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjá, ó bó o bí ẹni bó iṣu gbígbóná, ọmọ náà jọ̀wọ́ rẹ̀, ẹ̀ka náà sì fì lọ bíi jangirọ́fà, ó là tánkì onílítà 1,000 láti ọrùn dé ìdí. Mo ṣì ń gbọ́ bí omi yẹn ṣe ń dà. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó tánkì, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọkùnrin náà ò fi lè fọwọ́ ara rẹ̀ jẹun, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, okùn tó bá máa sọ ẹ̀ka kalẹ̀ lọ́wọ́ mi kì í wà lọ́wọ́ èèyàn lásán. Ìdí ìtì igi la máa ń wé e mọ́ nígbà méjì tàbí mẹ́ta, kí èèpo igi bá a di ìwúwo náà mú, kí ẹni tó wà nísàlẹ̀ kàn máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì kò ná mi ní kọ́bọ̀. Ìmọ̀ nìkan ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí o rà báyìí kò pọ̀. Ayùn ọwọ́ tó mú, èyí tí eyín rẹ̀ ń gé nígbà tí o bá ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ. Àti irú ayùn bẹ́ẹ̀ kan tí wọ́n dè mọ́ ọ̀pá gígùn, kí o lè dúró nílẹ̀ gé ẹ̀ka tó ga bíi mítà mẹ́rin. Ẹ́límẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí àwọn kọ́lékọ́lé ń dé, fún ìwọ àti gbogbo ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ igi. Awò tó ń dáàbò bo ojú, ìbọ̀wọ́ awọ, bàtà tó bo kókósẹ̀. Okùn méjì tó nípọn, tí ẹ kò fi fa mọ́tò rí, tí ẹ kò sì fi so ewúrẹ́. Gbogbo rẹ̀ pọ̀, kò yẹ kí owó rẹ̀ tó ti ẹ̀rọ gidi. Àdá rẹ, lò ó fún igbó àti fún rírẹ́ ẹ̀ka tó ti wà nílẹ̀. Má fi àdá gé ẹ̀ka tó ṣì wà lára igi láàyè: kì í gé e, ńṣe ló ń fọ́ ọ, ojú ọgbẹ́ á rí wúruwùru, omi á máa dúró níbẹ̀, ìjẹrà á sì wọlé.

O lè máa rò ó pé tí mi ò bá gùn ún, báwo ni màá ṣe gé e? Lọ́dún àkọ́kọ́, má gùn ún. Mo mọ̀ pé àwọn adẹ́mu ń fi igbà gun ọ̀pẹ lójoojúmọ́, mo sì bọ̀wọ̀ fún wọn gidigidi. Ṣùgbọ́n ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka. Igbà ń yọ́ gòkè lára rẹ̀ láìsí ìdíwọ́. Lórí máńgòrò, gbogbo ibi tí o bá ti kan ẹ̀ka lo gbọ́dọ̀ tú igbà kí o tún un dè, ìṣẹ́jú àáyá tó wà láàárín títú àti dídè yẹn ló sì ti gbé ọ̀pọ̀ èèyàn ṣubú. Lórí igi ẹlẹ́ka, okùn méjì la fi ń gùn, kí ọ̀kan máa wà lára igi nígbà tí a bá ń gbé èkejì. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọ́dọ̀ kọ́ ọ, kì í ṣe fídíò. Ní ti àkàbà, má ṣe fi í ti ẹ̀ka tí o fẹ́ gé láé. Bí orí ẹ̀ka bá ti já, ìdí rẹ̀ tó kù á fúyẹ́, á gbéra sókè, àkàbà á sì wá sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ. Mo ti rí i lójú ara mi lẹ́ẹ̀mejì.

Wàyí o, wá kí n fi ohun tí àwọn oníbàárà máa san owó fún hàn ọ́. Lọ sídìí máńgòrò èyíkéyìí ládùúgbò rẹ, wo ibi tí ẹ̀ka ti yọ lára ìtì. Má wò ó lókèèrè, súnmọ́ ọn, fọwọ́ pa á. Wàá rí i pé ara wú díẹ̀ níbẹ̀, bí ọrùn ẹ̀wù tí wọ́n ká, èèpo ibẹ̀ sì ṣe wínníwínní. Àwa ń pè é ní ọrùn ẹ̀ka. Lára ìtì ló wà, kì í ṣe ti ẹ̀ka. Bí o bá gé wọ inú ọrùn yẹn, ìtì lo ṣá lọ́gbẹ́. Bí o bá sì ṣẹ́ ẹ̀ka kù gbọọrọ níwájú rẹ̀, kùkùté yẹn á gbẹ, á jẹrà, ikán á wá kọ́lé sí i, ìjẹrà á sì bá a wọ inú ìtì. Ìta ọrùn náà gẹ́lẹ́ lojú ọ̀nà ayùn.

Bí ẹ̀ka bá nípọn ju ọrùn ọwọ́ lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta la ń gé e. Kọ́kọ́ lọ síwájú díẹ̀, bí ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan sí ìtì, kí o gé e láti ìsàlẹ̀ wọ ìdá mẹ́ta rẹ̀. Lẹ́yìn náà, sún síwájú ìyẹn díẹ̀ sí i, kí o wá gé e láti òkè títí á fi já. Ìgé àkọ́kọ́ yẹn ni kò ní jẹ́ kí èèpo ya tẹ̀lé ẹ̀ka wálẹ̀ sára ìtì. Ó ti ku kùkùté kúkúrú tí kò wúwo. Di í mú, kí o gé e nífarabalẹ̀ níta ọrùn. Bí o bá padà wá wo ojú rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí o bá rí òrùka ara tuntun tó ń bò ó bọ̀ yíká bí ètè, o gé e dáadáa. Bí òrùka náà bá yọ lápá kan ṣoṣo, o gé e jù lápá kejì. Igi fúnra rẹ̀ ni olùkọ́ tó máa ṣàmì sí iṣẹ́ rẹ, má sì ṣe ṣàì padà lọ wò ó.

Ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Alex Shigo, onímọ̀ àrùn igi lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó igbó wọn. Ẹ̀rọ ìgégi ló fi ń la igi láti òkè dé ìdí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún igi, kó lè rí ọ̀nà tí ìjẹrà ń gbà nínú wọn. Ohun tó rí, tó sì tẹ̀ jáde lọ́dún 1977, ni pé ọgbẹ́ igi kì í jinná bíi ti ẹran ara wa. Ńṣe ni igi ń mọ odi yí ibi tó fara pa ká, á sì hu ara tuntun bò ó. Ọgbẹ́ náà ò kúrò nínú rẹ̀ títí tó fi máa kú. Ọ̀kan nínú àwọn odi tó lágbára jù wà nínú ọrùn ẹ̀ka tí mo fi hàn ọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń kun ọ̀dà tàbí òróró dúdú sójú ibi tí mo gé, bí oníbàárà tilẹ̀ bẹ̀ mí. Kò ran igi lọ́wọ́. Ìgé tó tọ́ ni oògùn.

Iṣẹ́ tí wọ́n máa pè ọ́ fún jù ni "bá mi gé e lórí." Èyí ló ń dùn mí jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ igi nílùú yìí. Wàá rí i ní ẹ̀bá títì, igi tí wọ́n rẹ́ lórí pátápátá, tó dúró bí òpó. Ewé ni ilé ìdáná igi, ibẹ̀ ló ti ń se oúnjẹ tó ń jẹ. Tí o bá ṣí gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́jọ́ kan, ebi ni yóò máa pa á, yóò sì sáré hu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀mùnú lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọ̀mùnú yẹn kò ti inú ìtì wá, èèpo òde ni wọ́n rọ̀ mọ́. Wọ́n á yára ga, onílé á sì tún rò pé igi náà ti padà bọ̀ sípò. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, wọ́n á ti nípọn tó apá èèyàn, ìdí wọn á sì ti jẹrà, ìjì àkọ́kọ́ lóṣù kẹta á bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn lulẹ̀. Igi tí onílé ń bẹ̀rù tẹ́lẹ̀ ti wá léwu ju ti àtijọ́ lọ. Sọ èyí fún un pẹ̀lú sùúrù. Sọ fún un pé o lè dín in kù: kí o gé ẹ̀ka gígùn padà sórí ẹ̀ka kékeré tó yọ lára rẹ̀, tí kékeré náà nípọn tó ìdá mẹ́ta ẹ̀ka ńlá ó kéré tán, kó lè máa bá a mu omi lọ. Má ṣe mú ju ìdá mẹ́rin ewé igi lọ lọ́dún kan. Àwọn kan máa lọ pe ẹlòmíì tó máa rẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe fẹ́. Jẹ́ kí wọ́n lọ. Àwọn tó bá gbọ́ tìrẹ ni wọ́n á máa pè ọ́ lọ́dọọdún, ibẹ̀ sì lowó wà nínú iṣẹ́ wa. Ẹni tó gé igi lulẹ̀ gba owó lẹ́ẹ̀kan, igi náà tán. Ẹni tó ń tọ́jú igi méje nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní iṣẹ́ títí ayé.

O tún gbọ́dọ̀ mọ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Máńgòrò, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ká èso rẹ̀ tán la ń tún un ṣe, bí oṣù kẹfà sí keje. Má jẹ́ kí oje rẹ̀ kàn ọ́ lára, ìbátan kajú ni, ó máa ń bó àwọn ẹlòmíì lára. Èèrà pupa tó ń fi ewé kọ́lé sórí rẹ̀ náà kò ní jẹ́ kí o gbádùn, nítorí náà wò ó kí o tó fọwọ́ kàn án. Fúrúùtù máa ń na ẹ̀ka rẹ̀ gbalaja ní ìpele ìpele, gbòǹgbò rẹ̀ sì lè gbé kọnkéré sókè, nítorí náà kò yẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri rárá. Dóńgóyárò kì í kú bọ̀rọ̀, kùkùté rẹ̀ á tún hù. Igi tó ga gbọọrọ bí eégún, tí wọ́n ń gbìn tọ fẹ́ǹsì káàkiri, kéèyàn má rẹ́ ẹ lórí ló dára jù. Bó bá ti ga jù fún ibi tó wà, kí wọ́n kúkú gbin òmíràn. Mẹ́líínà àti tíìkì ti di igi ńlá nínú ọgbà àwọn èèyàn tó rò pé òjìji lásán làwọn gbìn.

Bí o bá dé ìdí igi èyíkéyìí, yí i ká kí o tó sọ ohunkóhun lórí owó. Igi tó bá máa gúnni lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Wò ó láti ìdí. Ṣé olú hù sí gbòǹgbò rẹ̀? Ṣé ilẹ̀ ti gbé sókè lápá kan? Fi ẹ̀yìn àáké kàn án, kí o tẹ́tí: èyí tó dùn bí ìlù, inú rẹ̀ ti ṣófo. Níbi tí ìtì ti pín sí méjì, wò ó bóyá ó yà bí àtàǹpàkò àti ìka tí a fún pọ̀, tí èèpo há sáàárín. Ibẹ̀ ló máa ń là nínú ìjì. Èyíkéyìí tí o bá rí nínú wọn, iṣẹ́ náà ti kọjá tìrẹ lọ́dún yìí. Pe ẹni tó jù ọ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, mo sì ń bẹ̀ ọ́ lórí rẹ̀. Igi tútù ń gbé iná. Kò dìgbà tí o bá fọwọ́ kan wáyà. Ẹ̀ka tó kàn án ti tó. Bí ẹ̀ka kan bá wà níbi tí kò tó mítà 3 sí wáyà, má ṣe é. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná ládùúgbò ló ni iṣẹ́ yẹn, àwọn ló sì lè pa iná náà. Má sì gbà fún ẹni tó bá sọ pé, "Kò síná láti àná, ẹ máa gé e lọ." O mọ̀ bí iná ṣe ń dé nílùú wa. Kódà bí wọn ò bá mú un wá, jẹnẹrétọ̀ ẹnì kan tí wọn ò so dáadáa lè máa ta iná padà sí wáyà títì. Kò sí iye tí wọ́n lè san tó tó èyí.

Báwo lo ṣe máa wá ṣe àwọn iṣẹ́ tó ga, tí o kò ní ẹ̀rọ? Yá ẹ̀rọ àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Àwọn tó ń ta pákó ní Bódìjà mọ àwọn agégi, béèrè ẹni tí ìwà rẹ̀ dára lọ́wọ́ wọn. Ìwọ lo gba iṣẹ́, ìwọ lo wo igi, ìwọ lo ṣètò okùn àti ìmọ́tótó, òun ló gé e, o sì san owó ọjọ́ rẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n mọ èyí: agégi inú igbó mọ bí igi ṣe ń wó síbi tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀. Ní ìgboro, abẹ́ igi ni ilé wà. Ìwọ ni kó máa rán an létí. Má gbà kí ẹnikẹ́ni dúró níbi tí kò jìn tó ìlọ́po méjì gíga igi nígbà tí igi bá ń lọ sílẹ̀. Bí o bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fún òjò méjì, tí o ń wo ọwọ́ rẹ̀, wàá ti mọ irú ẹ̀rọ tí o fẹ́ rà.

Ìbàdàn lo wà, o ṣoríire. Ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìwádìí lórí igbó, FRIN, tó ti wà láti ọdún 1954, Jẹ́ríkò ló wà, kò jìn sí ọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga ìmọ̀ igbó náà wà níbẹ̀. Lọ béèrè irú ẹ̀kọ́ ìgbà kúkúrú tí wọ́n ní. Bí o kò bá tilẹ̀ rí àyè kọ́ nǹkan kan, rìn káàkiri níbi tí wọ́n bá gbà ọ́ láyè, kí o máa kọ́ orúkọ igi.

Ní ti owó iṣẹ́, má dá iye lórí fóònù. Lọ wò ó. Ka iye èèyàn, iye ọjọ́, owó ẹ̀rọ, owó ọkọ̀ tó máa kó ẹ̀ka, kí o tó fi èrè tìrẹ lé e, kí o sì yọ díẹ̀ sápá kan fún ohun tó bá bàjẹ́. Gba ìdajì sílẹ̀. Ya àwòrán ògiri, tánkì àti òrùlé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi ibi tó ti sán tẹ́lẹ̀ rù ọ́. Kọ ọ́ sílẹ̀, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp: ẹ̀ka wo la máa gé, ta ló ni igi tó bá jáde, ta ló máa kó ìdọ̀tí. Bí igi bá wà lórí ààlà, kí onílé méjèèjì fọwọ́ sí i. Igi ẹ̀bá títì kì í ṣe ti onílé, ìjọba ìbílẹ̀ ni kó lọ bá. Bí iṣẹ́ bá gbé ọ dé Èkó, LASPARK, àjọ tó ń bójú tó ọgbà àti igi níbẹ̀, ló máa fún yín láṣẹ. Bí o bá sì rí màrìwò tàbí aṣọ funfun lára ìrókò tàbí àràbà, má fọwọ́ kàn án títí àwọn ẹbí tó ni ilẹ̀ á fi fún ọ lésì.

Ẹ̀ka tí ẹ bá gé, ẹ má dà á sí odò. Ìlú tó rí omíyalé Ògùnpa lọ́dún 1980, tó tún rí ti ọdún 2011, kò yẹ kí àwa agégi máa dí ọ̀nà omi rẹ̀. Àwọn tó ń yan gàrí àti àwọn tó ń yan ẹja máa ra igi náà lọ́wọ́ rẹ. Ewé, gé e wẹ́wẹ́, kó o sídìí igi tí o tọ́jú, kó má kan ara ìtì. Ọ̀pọ̀ oníbàárà mi ló jẹ́ pé bí mo ṣe gbálẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń rántí mi.

Bí ọjọ́ ẹ̀rọ bá wá dé, ṣọ́ra fún ayédèrú, ọjà kún fún un. Ní ti ẹ̀rọ tuntun tó gba àdàpọ̀ 50 sí 1, lítà 5 epo bẹntiróò la ń fi ọ́ìlì mílílítà 100 sí. Ṣéènì tó ń tú ìyẹ̀fun jáde dípò èérún ti kú, pọ́n ọn. Òkè ṣóńṣó irin gígùn tí ṣéènì ń yí ká kò gbọ́dọ̀ kan igi, torí ibẹ̀ ló ti ń ta padà sójú ẹni. Ọwọ́ méjèèjì ni kó máa wà lára ẹ̀rọ náà, kó má ga ju èjìká rẹ lọ, kí o má sì gbé e gun àkàbà.

Torí náà, bí kọ́párétíìfù bá lè yá ọ ní díẹ̀ péré, èyí tó máa ra ayùn méjì, ẹ́límẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, okùn àti bàtà, gba ìyẹn. Wàá san án tán kí ọdún tó parí.

Kí o tó gba iṣẹ́ míì, padà sí ilé aládùúgbò yín. Bí ìdí dóńgóyárò yẹn bá ṣì wà nílẹ̀, ọ̀mùnú á ti yọ yí i ká báyìí, bíi mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀. Yan ọ̀kan tó yọ nísàlẹ̀ jù, tó nàró, tó dúró síhà tó jìnnà sí òrùlé. Fi ayùn tuntun rẹ gé ìyókù mọ́ ìdí wọn. Sọ fún onílé pé o máa padà wá wò ó lóṣù mẹ́fà, má sì gba owó rẹ̀.